Ẹ̀rọ Màámi Tó Ń Bèèrè Ọ̀wọ̀

Ẹ gbà mí o, ẹ̀rọ kan kọ̀ láti dá mi lóhùn lónìí torí mi ò kí i bó ṣe yẹ.

Ẹ̀rọ tí màámi fi ń di omi sínú ọ̀rá ní Pópó Yemọja ló daṣẹ́ sílẹ̀, oníbàárà sì ti kún ẹnu ọ̀nà. Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ kọntirólà tó ń darí ẹ̀rọ náà. Sọfítíwià tuntun tí mo gbé wá ò rí i rárá.

Mo ní, "Màámi, kọntirólà yín ti dàgbà ju sọfítíwià yìí lọ. Ẹ jẹ́ n wá ti àtijọ́."

Wọ́n ní, "Abájọ! Àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀, o wá ń pè wọ́n ní 'ìwọ'!"

Mo fi ti àtijọ́ sí i. Ẹ̀rọ dáhùn lójú ẹsẹ̀!

Ni màámi bá kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ: "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ òde òní ni."

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín náà ti dàgbà, báwo lẹ ṣe ń kí wọn?