Ìborùn Tí Mo Hun fún Ìyá Mi

Mo rántí ìró òjò lórí páànù ilé àbúrò ìyá mi ní Adó-Èkìtì, lọ́dún tí àwọn sójà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá. Mo ti ṣubú lórí alùpùpù lọ́nà Ìjàn, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Tíṣà tuntun ni mí nígbà náà, mo rò pé bí n kò bá sí níwájú kíláàsì, ilé ẹ̀kọ́ yóò wó. Ilé ẹ̀kọ́ kò wó. Èmi ni mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí mò ń wo bí ìkùukùu ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí oorun ń gbé mi lọ, tó tún ń gbé mi bọ̀.

Àbúrò ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìráhùn mi sú u, ó ju òwú wúlù àti abẹ́rẹ́ gígùn méjì sórí ibùsùn mi. Ó ní, "Gbà. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́." Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ń hunṣọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n òjò kò dá, ẹsẹ̀ kò sì tíì san. Ohun tí mo kọ́kọ́ hun dà bí àwọ̀n tí ewúrẹ́ jẹ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń dárà bíi ti léèsì: kí n ká òwú lé abẹ́rẹ́, kí n pa ojú òwú méjì pọ̀, ihò kékeré kan á sì là bí ojú ọmọ ọwọ́. Mo pinnu láti hun ìborùn fún ìyá mi, tó ń gbin ìrẹsì ní Ìgbẹmọ, tí òtútù ọyẹ́ kì í jẹ́ kó gbádùn ìsìn àárọ̀.

Nígbà tí mo hun ún tán, tí mo yọ ọ́ kúrò lójú abẹ́rẹ́, ó sún kì bí ewé tó rọ. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Àbúrò ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó rì í sómi, ó nà án sórí ẹní, ó fi àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké gún etí rẹ̀ mọ́ ẹní. Nígbà tó gbẹ, gbogbo ojú rẹ̀ là. A gbé e sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì gba inú rẹ̀ kọjá, ó wọ́n sára ògiri, ó wọ́n sójú wa.

Ọkọ àbúrò ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Ó dára o. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ará Ìgbẹmọ gbọ́. Ta ni yóò fọmọ fún ọkùnrin tó ń hun léèsì?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí ọmọbìnrin akọrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìgbẹmọ tí mo ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo gbé ìborùn náà délé, mo bẹ ìyá mi: "Yèyé, bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní Ìbàdàn ni mo ti rà á." Ó kàn ń fọwọ́ pa á lára.

Lọ́jọ́ ìkórè, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin pé lé e lórí níta ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ìjọ bi í pé, "Ìyá Tíṣà, níbo lẹ ti rà á?"

Ìyá mi kẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n lè rí i dáadáa. "N kò rà á. Tíṣà mi ló hun ún." Ó nawọ́ sí mi. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ọmọbìnrin akọrin náà fi ìwé orin bo ẹnu.

Lójú ọ̀nà, mo ní, "Yèyé, ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àbí Ìbàdàn ni mo bí ni?"

Ọmọbìnrin náà fẹ́ káfíńtà kan ní Ìjàn. Ìborùn kọ́ ló fà á. N kò tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí. Ìyá mi lo ìborùn náà títí etí rẹ̀ fi já, kó tó lọ sinmi.

Èmi náà ti darúgbó. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ní mẹkáníìkì lòun fẹ́ ṣe, àwọn ẹbí ń wo ojú mi. Mo ní kó lọ kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tún ọkọ̀ mi ṣe, mo wà á yí Adó ká láìníbi tí mò ń lọ, mo sì ń dúró sọ fún gbogbo ẹni tó kí mi pé ọmọ mi ló tún un ṣe.