Ọjọ́ Tí Mo Se Agolo Àlájà

Tí ẹ bá bi mí, màá ní èmi ni mo fi sùkúù sílẹ̀. Irọ́ ni. Sùkúù ló fi mí sílẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ lẹ́tà sí bàbá mi. Bàbá mi ní kí n máa lọ ro oko ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi tí wọ́n bí sí Niamey, tí mi ò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí ewé ẹ̀wà. Àlájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló bá mi bẹ̀ ẹ́, tó ní kí n wá dúró ti òun ní ìsọ̀ òun ládùúgbò Yantala.

Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà yẹn, owó yuraniọ́ọ̀mù wà nílùú, àwọn òyìnbó sì ń ra nǹkan inú agolo bíi pé ogun ń bọ̀. Tírélà ló ń kó ẹrù Àlájà wá láti Kùtọnu, ọ̀nà á sì ti lu àwọn agolo mìíràn. Àlájà ní òfin. Èyí tó bá dáa, orí pẹpẹ. Èyí tó bá tẹ̀ wọnú, orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ní ẹ̀dínwó fún ará àdúgbò. Èyí tó bá wú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ṣáláńgá ni. Búrẹ́dì àná, sàárà ni.

Ìdí ẹní ni wọ́n fi mí sí, tèmi ti ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á kọjá, wọ́n á kí mi bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kíni, wọ́n á ní, "Fofo, pátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá agolo wíwọ́."

Ọjọ́ kan, Àlájà lọ kí ìyá ọlọ́mọ tuntun ní Banifandou. Mo rántí ohun kan ṣoṣo tí mo mú ti sùkúù bọ̀: tí bọ́ọ̀lù píńpọ́ńgì bá tẹ̀ wọnú, sọ ọ́ sómi gbígbóná, á yọ padà. Mo ní kí ni agolo fi yàtọ̀? Mo gbé ìkòkò ńlá kaná, mo da gbogbo agolo orí ẹní sí i. Mo tiẹ̀ ń súfèé.

Díẹ̀ yọ padà. Ṣùgbọ́n gbogbo bébà ara wọn ló ṣí, ó ń léfòó bí ewé. Tìmátì ni o, mílíìkì ni o, ẹ̀wà tútù òyìnbó ni o, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Àlájà dé. Ó wo ìkòkò, ó wò mí.

"Kí lò ń sè?"

"Mo ń tún wọn ṣe ni, mà."

"Ta ló ní ara wọn ò yá? Èwo ni tìmátì níbẹ̀?"

"Tí mo bá mì í, màá mọ̀, mà." Mo mì ọ̀kan létí bíi dókítà. "Tìmátì nìyí."

Ó fi ọ̀bẹ dá agolo náà lu. Mílíìkì ta sí mi láyà.

Ó ní, "A kì í ta ohun tá ò mọ̀ fún èèyàn, a kì í sì í fi ṣe sàárà. Ilé la ó ti jẹ ẹ́. Ọjọ́ tá a bá jẹ ẹ́ tán, wàá wọ tírélà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Bó ṣe di pé ohun tó bá jáde nínú agolo là ń jẹ nìyẹn. Kí agolo má bàa tètè tán, èmi alábọ́ méjì wá di ẹni tó ń sọ pé, "Mo ti yó, mà."

Àlájà á ní, "Ó ti yó. Ẹ sún tiẹ̀ síbí."

Ebi fẹ́ẹ̀ pa mí. Lọ́sàn-án, mò ń ṣa agolo bí ẹni ń ṣa iyùn.

Ó wá ku ẹyọ kan. Àlájà ṣí i lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ẹran kan ló wà níbẹ̀, ó ń dán, òórùn ẹ̀ ò jọ ti ẹran tí mo mọ̀. Àlájà gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Oúnjẹ tí àwọn òyìnbó ń rà fún ajá wọn nìyí."

"A ò lè jẹ ẹ́ nìyẹn, mà?"

"Ìwọ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Ẹ ní ọjọ́ tá a bá jẹ wọ́n tán ni. Tá ò bá jẹ èyí, a ò tíì jẹ wọ́n tán."

Ó ní, "Lọ́yà tí sùkúù lé." Ó fi ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí èjìká ẹ̀ tó ń mì. "Gbé e lọ fún ajá aládùúgbò, kó o fọ abọ́ náà wá."

Ajá yẹn gbóòórùn ẹ̀, ó lọ sùn. Mo fọ abọ́. Àlájà ò dárúkọ tírélà lálẹ́ ọjọ́ náà, kò dárúkọ ẹ̀ láàárọ̀. Èmi náà ò bi í.