Ìdajì Sárì, Ìdajì Òfì

Sìmíátù kórìíra sárì. Mi ò ní í fi oyin sí i fún yín: ó kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra orogún, bẹ́ẹ̀ sárì ló sì ń bọ́ ọ. Láti ọdún 1983 ló ti jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Madam Kulkarni ní Devon Avenue, ní Chicago, tó ń rán búláòsì tí àwọn obìnrin Íńdíà ń wọ̀ sábẹ́ sárì, tó sì ń ṣe ìgbátí sí etí aṣọ náà. Kó tó débẹ̀, ilẹ̀ ọsibítù kan ní Evanston ló ń nù. Ó sì ti búra pé òun ò tún ní í di igi ìnulẹ̀ mú mọ́ láyé.

Ọmọ ahunṣọ ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Nílé wọn, tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n ń hun òfì, wọn a wá rán an pọ̀ kó tó di aṣọ. Sárì ní tirẹ̀, gbọọrọ kan ṣoṣo ni, yáàdì mẹ́fà, kò lọ́rùn, kò lápá. "Aṣọ ọ̀lẹ!" ni Sìmíátù máa ń pè é. Síbẹ̀ aṣọ ọ̀lẹ yìí kò kú. Àwọn ìyá àgbà Íńdíà ń ró o lórí yìnyín pẹ̀lú kóòtù àti bàtà rọ́bà. Ọmọge tó wọ jíǹsì wọlé, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, bó bá ti gbé ọ̀kan lé èjìká níwájú dígí, a dákẹ́, a na ọrùn bí ọmọ ọba. Fáṣọ̀n yòówù tó bá dé, sárì a bá a lọ, a sì máa jẹ́ sárì nìṣó. Ìyẹn gan-an ló ń dun Sìmíátù. Ta ló ń wọ òfì ìyá tirẹ̀ ní Chicago?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfì yẹn. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun àti Rùkáyátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí ìró òfì kan ṣoṣo. Ẹnì kankan ò gbà fún ẹnì kejì. Àwọn àgbà ẹbí bá là á sí méjì fún wọn. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìdajì ti Sìmíátù sì wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1986, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wọ ṣọ́ọ̀bù, Nirmala àti Sudha. Sárì ìgbéyàwó ìyá wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni wọ́n gbé wá, sílíìkì pupa tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe ìdí rẹ̀ kan lọ́ṣọ̀ọ́, pé kí wọ́n bá wọn tún ibi tó ya díẹ̀ rán. Madam ń lọ sí báńkì. Ó na ìka sí Sìmíátù: "Simi, abẹ́rẹ́ nìkan o. No scissors near this one." Ohùn tí èèyàn fi ń bá ọmọdé wí ló fi sọ ọ́.

Bó ṣe jáde báyìí ni ìjà bẹ́.

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà," ni Nirmala wí.

"Ìwọ tí o ò wá wo Mummy ní hospital!"

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá, tí wọ́n bá fi ẹ̀rín jáde, irọ́ ni wọ́n pa fún ara wọn. Àwọn méjì yìí ò purọ́ rárá. Nígbà tó yá, Nirmala pariwo: "Then cut it! Ẹ gé e sí méjì, ká sinmi!" Ó já síta, àbúrò rẹ̀ gbá tọ̀ ọ́, wọ́n ń bá ìjà lọ lójú títì.

Sìmíátù wo sárì náà. Yáàdì mẹ́fà, mẹ́ta-mẹ́ta. Lójú tirẹ̀, mẹ́ta tó ìró kan, yóò tún ṣẹ́ gèlè kù. Ogún òbí, pínpín ni. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹjọ́ lòun ń dá. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ló fẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e láàárín gbùngbùn.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ó ti ká a sí méjì sórí tábìlì. "One-one," ló wí. "Ìjà parí."

Sudha ké. Ìdajì kan lọ́ṣọ̀ọ́ wúrà, èkejì ò ní. Kò sì sí èyí tó lè yí ara ká kó tún dé èjìká.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Ẹ̀yin ni! You said cut it!"

"Inú ló ń bí mi!" ni Nirmala wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ni wọ́n bá dì mọ́ ara wọn. Wọ́n ń sunkún pọ̀, wọ́n ń ṣépè fún Sìmíátù pọ̀, wọ́n sì kó ìdajì méjèèjì, wọ́n jọ jáde. Ìjà ọmọ ìyá parí lóòótọ́, orí Sìmíátù ni wọ́n parí rẹ̀ lé. Madam dé, kò jẹ́ kó ṣàlàyé. "Get out," ló wí. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Sìmíátù ti tún di igi ìnulẹ̀ mú ní Evanston.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lé e, ó fa òfì náà yọ, ó ró o mọ́dìí. Etí kan ò kan èkejì. Kò kàn án rí láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó mú sísọ́ọ̀sì.

Ó ká a sínú àpòòwé ńlá, ó kọ orúkọ Rùkáyátù sí i, àti ilé wọn ní Ìṣẹ́yìn. Inú ṣì ń bí i, nítorí náà kò kí i. Gbólóhùn kan ló kọ:

"Gbà, rán an mọ́ tìrẹ, kí ẹnì kan rí ìró Ìyá ró."