Bàbá Ẹ-fi-kún-un, Ẹni Tó Ná Máàkì Létí Òkun

Ọjọ́ tí Bàbá bá àwọn adájọ́ àgbáyé ná máàkì bí ẹni ń ná ọjà, kò sẹ́ni tó wà létí òkun tó lè gbàgbé rẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún ló kó ẹgbẹ́ wá síbi ìdíje fífi pákó gun ìgbì. Ẹyọ eléré kan ṣoṣo ló kù fún ẹgbẹ́ wa, arábìnrin aránṣọ kan tí Bàbá, gbẹ́nàgbẹ́nà ẹgbẹ́, fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ pákó fún. Bí kò bá gba máàkì méje, ilé yá.

Aránṣọ gun ìgbì kan tó ga ju òrùlé lọ, ó yí bírí bírí, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn adájọ́ gbé mẹ́fà àbọ̀ sókè.

Kí a tó mọ̀, Bàbá ti gun àtẹ̀gùn lọ bá wọn, tòun tayùn lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mẹ́fà àbọ̀ kẹ̀? Ẹ fi kún un."

"Bàbá, a kì í ná máàkì níbí."

"Ta ló ń ná an? Mẹ́jọ ló wà lọ́kàn mi, àmọ́ torí pé ojú yín tutù, ẹ mú méje àbọ̀ wá."

Olórí adájọ́ rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n tún fídíò wò. Àṣé ẹ̀ẹ̀mẹta ni aránṣọ yí! Ìfófòó omi ló bo ẹ̀kẹta mọ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di méje géérégé. Gbogbo etí òkun hó yèè, ẹgbẹ́ wa ti wọlé. Bàbá ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí wọn: "Ènì ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Ẹ-fi-kún-un ṣe mọ́ ọn lára.

Ó tún máa ń ronú ohun tuntun. Lọ́dún kan, ó kan sálúbàtà mọ́ orí pákó kí ẹsẹ̀ má baà yẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, akọ̀wé jẹ́jẹ́, ló kọ́kọ́ dán an wò. Ìgbì gbé akọ̀wé síbì kan, ó gbé pákó síbòmíì. Pákó ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀, sálúbàtà méjèèjì to ara wọn lórí rẹ̀ bí ìgbà tí àlejò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ẹ́ pa mí!" Omi iyọ̀ ṣì ń dà lẹ́nu akọ̀wé.

Bàbá fọwọ́ mi bàtà náà wò. "Bàtà tèmi ò yẹ̀. Ẹsẹ̀ tìẹ ló yẹ̀."

Orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn eléré: á dúró lé e bí ẹni wà lórí ìgbì, á tẹ orúnkún wálẹ̀, eérún pákó á máa fò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ má bá òkun jà. Ẹ ṣe é bí mo ṣe ń ṣe ìyàwó mi: ẹ gbà fún un, kí ẹ máa ṣe tiyín lọ."

"Mo gbọ́ o!" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ojú fèrèsé.

"Ẹ rí i? Òkun ò tiẹ̀ létí tó yẹn."

Ojú oorun ni Bàbá gbà lọ, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ní ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ́ gbé fìlà rẹ̀ sórí pákó tó gbẹ́ gbẹ̀yìn, kí wọ́n gbé e wọ òkun láti fi dágbére fún un. Aránṣọ ló ṣáájú. Ni ìyàwó rẹ̀ bá ké láti èbúté:

"Ẹ dì í mú dáadáa o! Bàbá yín ò mọ̀wẹ̀!"

Gbogbo wọn yíjú padà. "Kò mọ̀wẹ̀ kẹ̀?"

"Láti kékeré ni ẹ̀rù omi ti ń bà á. Bí ẹ bá ti wọ òkun báyìí, á wá dúró tì mí, á di ọwọ́ mi mú, kò sì ní í fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi jáde."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di omijé. Ó fi ọwọ́ kan bo fìlà náà, ó ń fi èkejì wa pákó lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀kán omi kan má baà kàn án.