Èdè tí Mùbàṣírù Lé Jáde Nílé

Nínú ilé Mùbàṣírù oníṣòwò gẹdú, ní Atíkòrí, Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ tó bá fi Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ á kúnlẹ̀, á káwọ́ sókè. Bàbá fúnra rẹ̀, Ìjẹ̀bú ló fi ń ná igi, òun ló fi ń jà. Àmọ́ tó bá ti wọlé, á gbé Yorùbá orí rédíò wọ̀ bí aṣọ ìmúròde. Ó ní èdè oko kò ní ba ọmọ òun jẹ́. Àṣejù gbáà!

Afeezat, àkọ́bí rẹ̀, gbọ́ràn débi pé ó lọ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ṣé ọ̀rọ̀ sísọ náà lèèyàn ń fọdún mẹ́rin kọ́? Á ṣàlàyé títí ẹnu á fi bó: ìmọ̀ náà wúlò fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ lédè, fún ògbufọ̀ ní kóòtù, fún aláìsàn tí ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ dá Bàbá dùbúlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Afeezat fi iṣẹ́ tíṣà tó ń ṣe ní ìlú Òrù sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí Bàbá tún bá òun sọ̀rọ̀ kó tó kú. Oṣù méjì gbáko ló fi ń gbé àwòrán síwájú rẹ̀.

"Bàbá, omi nìyí. Ẹ sọ pé omi."

Bàbá á wò ó, á kọjú sí ògiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Asimawu, ìyá àgbà tí òun àti Bàbá jọ ń ṣòwò igi láti ìgbà èwe, wá kí i. Ó fi Ìjẹ̀bú bú u pé ọ̀lẹ ni, kó dìde. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó lanu, Ìjẹ̀bú bá tú jáde, ó ń já lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni. Inú bí Afeezat sí ara rẹ̀ gan-an. Wọ́n ti kọ́ ọ ní Àgọ́-Ìwòyè pé èdè tí aláìsàn fi dàgbà ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kò tiẹ̀ rántí pé Bàbá ní òmíràn yàtọ̀ sí tinú ilé. Ohun tí Bàbá sì ń sọ, kò gbọ́ ju ìdajì lọ.

"Ìyá, kí ni wọ́n sọ?"

Asimawu wolẹ̀. "Ó ní kí n bẹ tíṣà yìí kó máa lọ, ó ti rẹ òun. Ọmọ òun lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ kejì ni Afeezat ti ń gbé ìwé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Asimawu láràárọ̀, ó ń kọ́ Ìjẹ̀bú bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bàbá kò dúró dè é.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ òkú Bàbá, Afeezat dìde, ó fi Ìjẹ̀bú dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Inú wọn dùn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé ọmọ Mùbàṣírù ni.