Áàpù Tó Kú Mọ́ Agbẹ̀bí Lọ́wọ́

Mo rántí ìgbà tí mo kúrò ní Kútọnu padà sáàárín òkè Ìdáàṣà, tí mo rò pé kò sí ohun tí mi ò lè fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ilé ìwòsàn kan gbéṣẹ́ fún mi: kí n kọ áàpù tí àwọn agbẹ̀bí abúlé yóò fi máa pe ọkọ̀ aláìsàn bí ìrọbí bá le. Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú ni àwọn agbẹ̀bí ń lò. iPhone ni ti dókítà. Bí mo bá ní kí n kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣi fóònù méjèèjì, òjò á dé kí n tó parí, òjò ló sì máa ń ba ọ̀nà Soclogbo, ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, jẹ́. Àfi kí n wá irinṣẹ́ tí mo lè fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì.

Irinṣẹ́ méjì ni mo rí. Ọ̀kan ń lo èdè kọ̀ǹpútà tí mo ti kọ́ ní yunifásítì. Ìkejì ní èdè tirẹ̀ tí mi ò mọ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í wúwo fún fóònù àtijọ́. Mo mú èyí tí mo mọ̀. Lórí fóònù mi, geere ló ń lọ. Mo tilẹ̀ ti ń ro bí wọn yóò ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi.

Agbẹ̀bí Soclogbo, ìyá àgbà tó gbẹ̀bí èmi gan-an, yọ fóònù wọn jáde, wọ́n tẹ áàpù náà. Ojú fóònù funfun báláú, áàpù sì kú. A tún ṣí i. Ó tún kú.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin, ṣé kí n jókòó ti èyí kí n máa wò ó ni?"

Òjò ti ń ṣú bọ̀. Mo yọ àwòrán inú áàpù náà, mo gé e kúrú, pàbó ló já sí. Mo wó sórí ẹní, mo sunkún. Ìyá mi gbé oúnjẹ wá, wọ́n tún gbé e padà.

"Ṣé o fẹ́ kú lórí ẹ̀rọ yìí ni?"

"Ìyá, bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹlòmíì ló máa kú."

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo mú irinṣẹ́ kejì, mo ń kọ́ èdè rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, iná ń lọ, iná ń bọ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá.

Òjò kò dúró dè mí. Bọ́tìnì pupa kan péré ni mo ti rí parí, mo gbé e lọ fún agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀. Ó ṣí, kò kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni obìnrin kan rọbí lọ́sàn-án, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá. Agbẹ̀bí tẹ bọ́tìnì náà, kò sí netiwọki. Wọ́n gbé fóònù fún ọkọ obìnrin náà, ó sáré gun àpáta, ibẹ̀ ni ìpè náà ti lọ. Ọkọ̀ aláìsàn la ẹrẹ̀ já dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá yè. Ọmọ kò yè.

Agbẹ̀bí pè mí, mo bú sẹ́kún. "Sunkún tán," wọ́n ní, "kí o wá parí èyí tó kù."

Mo parí rẹ̀, dókítà náà ń gba ìpè lórí iPhone tirẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń bi mí pé irinṣẹ́ wo ló dára jù. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo fóònù ẹni tí yóò lò ó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mò ń yẹ ìbéèrè sílẹ̀ ni.

Mo máa ń pàdé obìnrin yẹn àti ọkọ rẹ̀ ní ọjà Glazoué. A ó kíra, a ó béèrè ilé, a ó sọ̀rọ̀ iṣu. A ò dárúkọ ọmọ náà rí.