Òògùn Tó Sọ Àǹtí Bọ́sẹ̀ Di Dúdú

Òórùn ẹran sísun ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú mi dùn, torí a kì í jẹ ẹran láàárọ̀ nílé wa ní Òkè-Ìlá. Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ, itọ́ ń dà lẹ́nu mi bí ajá. Ìkòkò ẹ̀wà nìkan ni mo bá. Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò mọ́mì mi, ló gbé e kúrò lórí iná, kò fi aṣọ dì í mú, ó ń bá mọ́mì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé omi tútù. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń rùn. Mọ́mì figbe ta. Àǹtí sọ ìkòkò kalẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ó gbóná ni?"

Èmi òpè rò pé agbára ni. Mo lọ fi yangàn nílé-ìwé pé iná ò ran àǹtí mi.

Mọ́mì kàn mirí ni, ó ní, "Ìdílé yìí àti iná!" Màmá tó bí àwọn méjèèjì, tí à ń pè ní Ìyá Igbemo, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ká kò, òmíràn sì ti kúrú. Wọ́n sọ fún gbogbo wa pé iná ló jó o nígbà ọ̀dọ́. Nígbà tí iná wá jó ọmọ rẹ̀ náà, a ò pè é ní àìsàn. Ogún la pè é.

Nọ́ọ̀sì tó di ojú iná náà ló rí ibì kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ lápá Àǹtí, tí a rò pé làpálàpá ni, tí a ti ń fi òróró pa. Ó ní kí Àǹtí dijú, ó fi òwú kàn án níbẹ̀. Àǹtí ò mọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni. Mọ́mì ò lè pè é lórúkọ, "àrùn ilẹ̀" ló rọra ń wí, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kí ilẹ̀ má baà kó o ràn mí.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un ní òògùn, oríṣi mẹ́ta nínú káàdì kan. Ó ń lo àwọn kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù níwájú nọ́ọ̀sì, ó sì ń lo ìyókù lójoojúmọ́ nílé. Èmi ni mo ń ka káàdì náà fún un láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ti oṣooṣù yẹn máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo já síta, mo pariwo fún gbogbo ayálégbé, "Ẹ gbà wá o, Àǹtí ń tọ zobo!"

A rẹ́rìn-ín ìyẹn. Ti dúdú ni a ò rí rín. Àǹtí pupa fòò tẹ́lẹ̀, "Òyìnbó" làwọn oníbàárà ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ọ̀kan nínú òògùn mẹ́ta náà sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ń bi í pé ìpara wo ló bà á lára jẹ́. Ó bá fi gbogbo òògùn náà sílẹ̀.

Ìyá Igbemo gbọ́, ó wọ mọ́tò wá. Àǹtí na káàdì sí i, ó ní, "Màámi, funfun kékeré yìí nìkan ni mo fẹ́. Nọ́ọ̀sì ní òun nìkan làwọn ará àtijọ́ ń lò, kì í sọ èèyàn di dúdú."

"Ta ni ará àtijọ́? Èmi ni mo lò ó."

Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí tábìlì. "Uná kọ́ ló jó mi, Bọ́sẹ̀. Funfun yìí nìkan ni mo lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mo bá ń lọ gbà á, màá ní oko ni mò ń lọ. Àìsàn náà lọ, ó tún padà, òògùn ò ràn án mọ́. Mo ń gbé e mì, ọwọ́ mi ń ká. Mẹ́ta ló dojú kọ tìrẹ, bí ọ̀kan bá sùn, méjì á ṣọ́nà. Ọdún kan péré, wọ́n á ní ó tó. Jẹ́ dúdú, kí o ní ìka."

Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Òwe adẹ́tẹ̀ tí kò lè fún wàrà àmọ́ tó lè dà á nù ló fi ń bú mi látọjọ́ tí mo ti gbọ́n, lójú ìyá rẹ̀. A ò gbọ́ òwe náà nílé wa mọ́.

Àǹtí bu omi, ó gbé òògùn mì. Ó lò ó tán. Ó pẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan lára títí di òní, àmọ́ ìka rẹ̀ pé, ó ń ránṣọ.

Ọmọ tó ń ka káàdì nígbà yẹn ní láárí ju géńdé tó ń sọ̀tàn yìí lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ pólì, mo fi sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíríkìlà, oòrùn mú, mo sá. Ìbà mú mi lóṣù tó kọjá. Bí ara ṣe fúyẹ́ báyìí, mo ju ìyókù òògùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí wá kí mi, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí i.

"Ọ̀gá Abẹ̀rẹ̀-má-parí, gbé e mì."

Mo gbé e mì.

"Lanu. Gbé ahọ́n sókè kí n rí abẹ́ ẹ̀."

Èmi tí mo ti hu irùngbọ̀n, mo lanu gbàgà bí ọmọ ẹyẹ.